Búráǹdì fóònù wo ni kì í bàjẹ́? Bí mo ṣe máa ń wò ó rèé

Ìbéèrè tí àbúrò kan kọ ránṣẹ́ sí mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra fóònù tuntun, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sì ti dà mí lórí rú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má sún mọ́ búráǹdì kan báyìí, ó ní tòun ò lò ju oṣù mẹ́rin lọ tó fi kú pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní búráǹdì yẹn kan náà lòun ti ń lò láti ọdún márùn-ún, kò yọ òun lẹ́nu rí. Ta ni kí n gbà gbọ́? Búráǹdì wo gan-an ni kì í bàjẹ́?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o bèèrè kó o tó náwó. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́, ohun tójú wọn rí ni wọ́n sọ. Àmọ́ fóònù ẹyọ kan ni ẹ̀gbọ́n ẹ lò, ọ̀rẹ́ ẹ náà lo ẹyọ kan, bóyá méjì, iléeṣẹ́ tó ṣe é sì ń ta àìmọye mílíọ̀nù lọ́dọọdún. Kò sí búráǹdì tí kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ fóònù títún ṣe ni mò ń ṣe, látorí èyí tó wọ́n jù dé èyí tó pọ́ọ́kú jù, kò sí èyí tí mi ò tíì rí òkú ẹ̀ lórí tábìlì mi. Torí náà mi ò ní dárúkọ búráǹdì kan kí n ní kó o lọ rà á. Orúkọ búráǹdì ló kéré jù nínú ohun tó yẹ kó o wò. Módẹ́lì gan-an ni kó o wádìí, bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, páàtì tó wà nínú ẹ̀, ọdún tí wọ́n máa fi ṣe update fún un, àti ìwà iléeṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́. Ó máa gùn díẹ̀ o, fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ariwo, torí òun ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Tó o bá wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí tó o tẹ orúkọ búráǹdì kan, tó o wá fi "problem" sí i lẹ́yìn, wàá rí èèyàn rẹpẹtẹ tó ń ké, ìwọ náà á sì ní há, fóònù burúkú rèé. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n tà? Ìbéèrè yẹn làwọn èèyàn kì í bèèrè. Ká sọ pé iléeṣẹ́ A ta fóònù 1,000,000, tí 2 nínú 100 sì ní àléébù, èèyàn 20,000 ló máa bínú nìyẹn. Ká wá sọ pé iléeṣẹ́ B ta 50,000 péré, tí 6 nínú 100 ní àléébù, èèyàn 3,000 ni. Ariwo ti A á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje ariwo ti B, gbogbo ayé á máa sọ pé A ò dáa, bẹ́ẹ̀ ti B ló ń bàjẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta. Àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà yẹn o, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan, àmọ́ bí ìṣirò ẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn. Samsung àti Apple wà lára àwọn tó ń tà jù láyé, torí náà kò sí bí ẹ̀sùn tiwọn ò ṣe ní pọ̀. Ẹni tí fóònù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í sì í jókòó kọ̀wé pé fóònù mi ò bàjẹ́ lónìí.

Àwa tá à ń tún fóònù ṣe náà ò yọ sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń ní "ẹ lọ bi ẹnjiníà, òun ló mọ èyí tó ń bàjẹ́". Rárá o. Fóònù tó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi ló máa pọ̀ jù lórí tábìlì mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún wá ní ohun mìíràn nínú: fóònù olówó gọbọi, wọ́n á gbé e wá torí ó tọ́ sí àtúnṣe, èyí tó pọ́ọ́kú tí ojú ẹ̀ bá fọ́, ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ ọ́ sí dúrọ́ọ̀ torí owó àtúnṣe ẹ̀ ti fẹ́ tó owó òmíì. Ẹni tó bá wá ka àkọsílẹ̀ mi láìmọ èyí á rò pé fóònù olówó ńlá ló ń bàjẹ́ jù.

Tó o bá fẹ́ kí ẹnjiníà wúlò fún ẹ, bi í báyìí: "Ṣé módẹ́lì kan wà tẹ́ ẹ máa ń rí àléébù kan náà lára ẹ̀, tí kò ṣubú, tí omi ò wọ̀ ọ́, tí àwọn tó ni ín ò dẹ̀ mọra wọn rí?" Ìyẹn la lè dáhùn. Tí módẹ́lì kan bá ń wọlé tí gbohùngbohùn ẹ̀ ń kú ṣáá, ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ èèyàn, tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ (pátákó inú fóònù tí wọ́n to páàtì sí) sì mọ́ tónítóní, kò sí ìdọ̀tí omi, kò sí ibi tó tẹ̀, a mọ̀ pé iléeṣẹ́ ló lẹ̀bi. Àmọ́ "búráǹdì wo ló ń bàjẹ́ jù", ẹni tó bá dá ẹ lóhùn kíá lórí ìyẹn, búráǹdì tí kò fẹ́ràn ló máa dárúkọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ búráǹdì gan-an. Ọdún 2016 dáa láti wò. Samsung gbé Galaxy Note 7 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná títí tí wọ́n fi gbiná. Nígbà tí Samsung kéde lọ́jọ́ 2 oṣù kẹsàn-án pé káwọn èèyàn dá a padà, ẹjọ́ 35 ló wà nílẹ̀ kárí ayé, mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ fóònù lọ̀rọ̀ náà sì kàn. Wọ́n fi tuntun rọ́pò fáwọn èèyàn, èyí tí wọ́n fi rọ́pò náà tún ń gbiná, ní oṣù kẹwàá wọ́n pa módẹ́lì yẹn rẹ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n wá ṣàlàyé ní oṣù kìíní 2017, ó hàn pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ra bátìrì yẹn, àléébù méjèèjì ò sì jọra. Ti àkọ́kọ́, àpò tí wọ́n rọ bátìrì sí ò fún un láyè tó ní igun òkè, ìwé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ẹ̀ wá tẹ̀ níbẹ̀. Ti èkejì, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló ní ṣóńṣó tó gún ohun tó yẹ kó pààlà sáàárín rere àti òdì bátìrì yẹn, òmíràn ò tiẹ̀ ní téèpù tó yẹ kó bo ibẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ yẹn kan náà ló ń ta Galaxy S7, kò gbiná bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì lò ó fún ọdún gbọọrọ. Ṣé Samsung dáa ní 2016 àbí kò dáa? Ìbéèrè yẹn ò nítumọ̀. Módẹ́lì kan burú, èkejì dáa.

Wo nọ́ńbà 35 yẹn dáadáa náà. Tá a bá fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀, bíńtín ni. Fóònù tí ẹnu ṣáàjì ẹ̀ ń bàjẹ́ fún ènìyàn 5 nínú 100 ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́ ju Note 7 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò sílé tó máa jóná torí ẹnu ṣáàjì tó bàjẹ́. Torí náà, tí wọ́n bá ní fóònù kan "ò ṣeé gbọ́kàn lé", béèrè bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ tó, kó o tún béèrè ohun tó máa ná ẹ tó bá ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó kú pẹ̀lú fọ́tò ọdún mẹ́ta nínú ẹ̀ ò dà bíi bọ́tìnì tó le.

LG náà ní tiẹ̀. LG G4 tó jáde ní 2015, á kàn ṣàdédé kú, á tàn, á kú, á tàn, kò ní wọlé mọ́ láé. Ní oṣù kìíní 2016 LG gbà pé àwọn páàtì kan nínú ẹ̀ ò di ara wọn mú dáadáa. Nexus 5X náà ní àìsàn tàntàn-kúkú yẹn, orúkọ Google ló wà lára ẹ̀, LG ló sì ṣe é. Ẹni tó ń bú Google nígbà yẹn àti ẹni tó ń bú LG, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan náà ni fóònù wọn ti wá. Ní 2015 yẹn náà ni ṣíìpù Snapdragon 810 ń gbóná lọ́wọ́ àwọn èèyàn, HTC One M9 àti LG G Flex 2 wà lára àwọn tó lò ó. Ọpọlọ fóònù kan náà ló wọ inú búráǹdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú wá ń bú búráǹdì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé orúkọ kan náà lè bo fóònù méjì mọ́lẹ̀. Galaxy S22, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ṣíìpù Snapdragon ló wà nínú ẹ̀, ti Yúróòpù sì jẹ́ Exynos. Ẹni tó ń sọ pé bátìrì tòun ń tètè lọ, ẹni tó ń sọ pé tòun ò rí bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ fóònù kan náà ni wọ́n ń lò rárá. Òdìkejì ẹ̀ náà wà: Xiaomi gbé fóònù kan jáde ní 2019, wọ́n pè é ní Redmi K20 níbì kan, wọ́n pè é ní Mi 9T níbòmíì, fóònù kan ni. Torí náà tó o bá ń wádìí, nọ́ńbà módẹ́lì tí wọ́n kọ sára páálí àti sínú settings ni kó o mú, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò dùn-ún pè yẹn, òun ló ń sọ ohun tó wà nínú fóònù gan-an.

Iléeṣẹ́ kan náà lè ní ọmọ púpọ̀ tí ìtọ́jú wọn ò dọ́gba. Xiaomi ló ni Redmi, Transsion ló ni Tecno, Infinix àti itel, Samsung ní Galaxy S ó sì ní Galaxy A. Èyí tó wà lókè ń rí irin àti gíláàsì tó dáa, ó ń rí update tó pẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń rí ṣíìpù tí kò lágbára àti ibi ìpamọ́ tó kéré, tó bá fi máa di ọdún kejì ó ti kún, gbogbo ẹ̀ á wá máa fà. Ẹni tó ra ti ìsàlẹ̀ tó fà mọ́ ọn lọ́wọ́ á ní búráǹdì yẹn ò dáa, ẹni tó ra ti òkè á ní irọ́ ló ń pa. Mi ò sọ pé èyí tó wọ́n ló dáa jù nígbà gbogbo o. Ọ̀pọ̀ fóònù àárín ló ń pẹ́ ju àwọn tó wọ́n lọ torí wọn ò fi gíláàsì bo ẹ̀yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn wà lára ohun tí mò ń pààrọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fídíò fóònù tuntun, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni púpọ̀ wọn fi ń lò ó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n lè sọ bí kámẹ́rà ẹ̀ ṣe rí, wọn ò lè sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, kò ṣeé ṣe. Fóònù ní ìgbà tó máa ń bàjẹ́. Àwọn tí wọn ò ṣe dáadáa láti iléeṣẹ́ máa ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ti ẹ̀gbọ́n ẹ wà nínú àwọn yẹn. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ohun tó máa ń pa á láàárín yẹn kò ju pé ó ṣubú tàbí pé omi wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ ogbó á dé, bátìrì á rẹ̀, ẹnu ṣáàjì á máa mì, gọ́ọ̀mù tó ń dí omi lọ́nà á gbẹ. Búráǹdì méjì lè jọ ara wọn ní ìgbà àkọ́kọ́ kí wọ́n wá yàtọ̀ pátápátá ní ìkẹta. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí èèyàn ra módẹ́lì tó ti pé ọdún kan lọ́jà dípò èyí tó jáde lánàá, nígbà yẹn àléébù ẹ̀ ti jáde síta, o lè kà á, update sì ti tún èyí tó ṣeé tún ṣe ṣe.

Ohun tó ń bàjẹ́ gan-an ńkọ́? Ojú tó fọ́ ló pọ̀ jù, ìyẹn ò ní í ṣe púpọ̀ pẹ̀lú búráǹdì, ọwọ́ àti ilẹ̀ ló ni ẹjọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn bátìrì, lẹ́yìn bátìrì ẹnu ṣáàjì. Jẹ́ n dúró lórí ẹnu ṣáàjì díẹ̀ torí ó ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe ń fi ba búráǹdì lórúkọ jẹ́. Ẹnìkan á gbé fóònù wá, á ní kò gba iná mọ́ àfi tóun bá tẹ okùn ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé búráǹdì yìí ò dáa, òun ò ní rà á mọ́. Màá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò yẹn, màá rí i pé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti funfun báláú. Fọ́nrán inú àpò ṣòkòtò ni, èyí tó ń wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí orí okùn ṣájà sì ń kì í mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi le bíi páálí, okùn ò wá lè wọlé tán mọ́. Màá pa fóònù yẹn, màá mú igi pẹlẹbẹ tín-ín-rín (kì í ṣe abẹ́rẹ́ o, abẹ́rẹ́ á tẹ irin inú ẹ̀), màá yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìdì kan báyìí á jáde, okùn á wọlé, á dún "kọ́", iná á sì wọ̀ ọ́. Kò sí àléébù kankan lára fóònù yẹn. Àmọ́ ká ní kò wá sọ́dọ̀ mi ni, ì bá ti lọ kọ ọ́ síta pé fóònù yẹn ò tó oṣù mẹ́wàá tó fi bàjẹ́, ẹlòmíì ì bá kà á, kó sì gbà á gbọ́.

Bátìrì náà rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbó, ti iléeṣẹ́ kankan ò yàtọ̀ torí lithium ni gbogbo wọn. Apple fúnra wọn kọ ọ́ pé iPhone 14 àtàwọn tó ṣáájú ẹ̀, wọ́n ṣe é kí bátìrì ẹ̀ ṣì ní 80 nínú 100 agbára ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba iná kíkún nígbà 500, pé ti iPhone 15 sókè á tó 1,000 ìgbà. Ẹni tó ń fi iná kún fóònù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ máa dé 500 kí ọdún kan tó pé, ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì máa tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀. Fóònù kan náà ni o. Ooru ló tún burú jù fún un, kó o gbé fóònù sínú oòrùn, kó o máa ṣe géèmù lórí iná, kó o fi sábẹ́ ìrọ̀rí mọ́jú. Tó o bá rí i pé ojú fóònù ń gbéra ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín gíláàsì àti férémù, bátìrì ló ti wú, má tẹ̀ ẹ́ padà láéláé, má ki ṣájà bọ̀ ọ́ mọ́, gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ.

Ti IP68, èyí tí wọ́n fi ń polówó pé omi ò lè wọ̀ ọ́, omi tó mọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi dán an wò, nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Gọ́ọ̀mù tó dì í ń gbó, tí ẹnikẹ́ni bá sì ti ṣí fóònù yẹn lẹ́ẹ̀kan láìlo gọ́ọ̀mù tuntun, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wáráńtì ò dẹ̀ gba ẹjọ́ omi.

Ọ̀rọ̀ update wá ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Fóònù tí ara ẹ̀ le bí àpáta tí iléeṣẹ́ ti pa tì lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á mọ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lára ẹ̀, tó bá yá áàpù báńkì á kọ̀ láti wọlé lórí ẹ̀. Bóyá ibí nìkan ni orúkọ búráǹdì ti wúlò fún mi díẹ̀, torí wọ́n ń kọ ìlérí wọn sílẹ̀. Google ṣèlérí ọdún 7 bẹ̀rẹ̀ látorí Pixel 8 ní 2023, Samsung náà ṣe é látorí Galaxy S24 ní 2024. Bẹ́ẹ̀ náà, módẹ́lì ni ìlérí yẹn ń tẹ̀ lé, tó o bá lọ ra fóònù ìsàlẹ̀ ti búráǹdì yẹn kan náà, ọdún ẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Àtọjọ́ tó jáde sì ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe àtọjọ́ tó o rà á. Fóònù tó ti lo ọdún mẹ́ta lórí káńtà ti jẹ ọdún mẹ́ta nínú ìlérí yẹn.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ìwà iléeṣẹ́ ti máa ń hàn. Apple ṣe update kan ní oṣù kìíní 2017 tó ń dín agbára fóònù kù tí bátìrì ẹ̀ bá ti gbó, kó má baà ṣàdédé kú. Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ò burú, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ fáwọn èèyàn kó yé wọn. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù kejìlá, ayé gbóná, Apple tọrọ àforíjì, wọ́n sì gé owó pípààrọ̀ bátìrì wálẹ̀ látorí 79 dọ́là sí 29 ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn pààrọ̀ bátìrì, fóònù tí wọ́n ti fẹ́ jù nù jí padà. Ní oṣù kìíní 2025 Google náà fi update ránṣẹ́ sí Pixel 4a tó dín bí bátìrì ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kù, àwọn tó kàn láǹfààní láti gba bátìrì tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí owó. Mi ò sọ ìwọ̀nyí láti bú wọn. Gbogbo iléeṣẹ́ ló máa ṣe módẹ́lì kan tó yíwọ́ lọ́jọ́ kan, ohun tí mo máa ń wò ni pé, ṣé wọ́n gbà pé àwọn ló ṣe é? Lẹ́yìn oṣù mélòó? Ṣé wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí wáráńtì ẹ̀ ti kọjá, àbí wọ́n ní kó lọ ra tuntun? Iléeṣẹ́ tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé "ìwọ nìkan lèyí ṣẹlẹ̀ sí", nígbà tí gbogbo wa ti rí i lára àìmọye fóònù, èmi ò lè gbọ́kàn lé e, kódà bí fóònù ẹ̀ ò bá tètè bàjẹ́.

Páàtì ńkọ́? Fóònù tí bátìrì àti ojú ẹ̀ rọrùn-ún rí, tó rọrùn-ún ṣí, lè pẹ́ ju èyí tí kì í bàjẹ́ ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ó parí. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Fairphone ló ṣe èyí jìnnà jù, ìwọ fúnra ẹ lo máa fi túnàfíísì kan ṣí i. Kó o tó ra módẹ́lì kan, bi ẹni tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ẹ pé ṣé ó ń rí ojú àti bátìrì ẹ̀ rà. Tó bá ní kò rí i, ronú sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o máa lò, torí ọ̀fẹ́ ni, ibi yòówù kó o wà. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2025, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di òfin pé fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì. Lébẹ́ẹ̀lì yẹn ń sọ bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó lórí iná ẹ̀ẹ̀kan, iye ìgbà tó lè gba iná kó tó wálẹ̀ sí 80 nínú 100, bó ṣe lè fara da ìṣubú tó, láti A dé E, àti bó ṣe rọrùn-ún tún ṣe tó, òun náà láti A dé E. Òfin yẹn tún ní bátìrì gbọ́dọ̀ fara da ó kéré tán 800 ìgbà, kí páàtì sì wà fún ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá dẹ́kun títa módẹ́lì yẹn. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní EPREL, o lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ nọ́ńbà módẹ́lì síbẹ̀ kó o rí i. Iléeṣẹ́ fúnra wọn ló ń kéde nọ́ńbà wọn níbẹ̀ o, torí náà má gbà á bí ẹ̀rí ọ̀run, àmọ́ ó sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ó dẹ̀ jẹ́ kó o lè gbé módẹ́lì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Rí i dájú pé nọ́ńbà tó o tẹ̀ bá ti fóònù tí wọ́n ń tà fún ẹ mu, o ti rí ohun tí mo sọ nípa S22.

Tó o bá wá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lò ó, má ka ti oṣù àkọ́kọ́. Wá "lẹ́yìn ọdún kan", "lẹ́yìn ọdún méjì". Má ka ìràwọ̀ márùn-ún tàbí ìràwọ̀ kan tí kò ní ju "ó dáa" tàbí "ó burú" lọ nínú. Ka àwọn tó ń ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́ gan-an, ìgbà tó bàjẹ́, àti bóyá ó ṣubú. Tí èèyàn púpọ̀ tí wọn ò mọra bá ń sọ ohun kan náà, bíi kí ìlà àwọ̀ ewé kan ṣàdédé là láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú fóònù tí kò ṣubú rí, ìyẹn ni kó o fọkàn sí. Tí kálukú bá ń sọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ariwo lásán lè ni.

Ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ àti ọ̀rẹ́ ẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, torí náà bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: módẹ́lì wo gan-an ni, kí ló kọ́kọ́ ṣe kó tó kú, ṣé ó ti ṣubú tàbí wọ omi rí, kí ni iléeṣẹ́ sọ nígbà tí wọ́n gbé e padà lọ. Tí tẹ̀gbọ́n ẹ bá kú ní oṣù mẹ́rin láìṣubú, wáráńtì ò tíì kọjá nìyẹn, ìdáhùn tí wọ́n fún un máa kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́ ju ikú fóònù yẹn fúnra ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún un kíá, èmi ò ní torí ìyẹn sá fún búráǹdì yẹn. Tí wọ́n bá gbé e lọ gbé e bọ̀ títí ó fi sú u, ó tó nǹkan tí mo lè torí ẹ̀ ra ti ẹlòmíì.

Tó o bá ti rà á, àlòkù ni o, tuntun ni o, fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dán gbogbo ẹ̀ wò nígbà tó o ṣì lè dá a padà. Fi pe èèyàn, fi gbohùngbohùn ìsàlẹ̀ àti tòkè gba ohùn sílẹ̀, fi gbogbo kámẹ́rà ya àwòrán, ṣí àwòrán funfun kan tó kún ojú ẹ̀ kó o wò ó bóyá àbàwọ́n wà, fi iná kún un láti 10 dé 100 kó o fọwọ́ kàn án bóyá ó ń gbóná kọjá bó ṣe yẹ, jẹ́ kí Wi-Fi àti síìmù méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Tọ́jú páálí àti rìsíìtì. Kọ nọ́ńbà IMEI ẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀) síbì kan tí kì í ṣe inú fóònù yẹn. Tó o bá ti mú módẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta tó o ń rò, fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi, màá sọ ohun tí mo ti rí nínú wọn fún ẹ, èyí tí mi ò bá sì tíì tú rí, màá sọ pé mi ò tíì tú u.